Làkúrègbé Kọ́ Ni Gbogbo Rẹ̀: Àrùn Méjì Tí Ó Jọra Ní Oríkèé àti Ní Awọ Ara

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ mọ́ àrùn méjì kan tí àwa ará ilé sábà máa ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè. Bí ọwọ́ bá ń ro ènìyàn, tí orúnkún rẹ̀ sì wú, kíá ni a ó ti sọ pé làkúrègbé ni. Bí ara rẹ̀ bá tún sú, a ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kò mọ́. A ó se àgbo, a ó ra ìpara, a ó sì máa retí ìwòsàn. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé èmi náà ní ìpín nínú àṣìṣe náà.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ILÉ WA

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Nínú ilé tí mo ń gbé ní Ìbàdàn, àwọn obìnrin méjì kan wà tí n kò ní dá orúkọ wọn. Ọ̀kan jẹ́ ìyá tí ń ta aṣọ, ẹni ọdún 48. Gbogbo wa ń pè é ní Ìyá Aláṣọ. Èkejì jẹ́ olùkọ́, ẹni ọdún 24, tí kò tíì pé ọdún kan tí ó wọlé ọkọ. Ìyàwó ni a ń pè é.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan Ìyàwó wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní: "Ẹ kú àárọ̀, mà. Ìka mi kò ṣeé ká bí mo bá jí. Ó máa ń tó aago mẹ́sàn-án kí n tó lè di ṣọ́ọ̀kì mú dáadáa." Mo fọwọ́ kan ìka rẹ̀, n kò rí wíwú kan tí ó pọ̀. Mo ní: "Ọmọ mi, òtútù ni. Máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀. Làkúrègbé kékeré ni." Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn, èmi tí mo fi ọdún tí ó pọ̀ wọ aṣọ funfun.

Ìyá Aláṣọ gbọ́ ohun tí a ń sọ. Òun náà ní ìka tí ń ro ó, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án tí nǹkan kan ti wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ àti ní orúnkún rẹ̀, tí ó ń pè ní làpálàpá. Ó ti kíyè sí i pé bí òun bá pẹ́ lójú oòrùn ní ọjà, ara òun a máa dán sí i. Ó sọ fún Ìyàwó pé: "Irú èyí tí ó ń ṣe mí gan-an ni ó ń ṣe ọ́. Oòrùn ni kí o máa yá." Ìfẹ́ ni ó fi sọ ọ́. Ìyàwó gbà, nítorí pé ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Láàárọ̀, kí ó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, a ó rí i níwájú ilé lórí àpótí, ojú àti apá rẹ̀ nínú oòrùn. Ní ọjọ́ Sátidé, ó lè jókòó síbẹ̀ títí di ọ̀sán.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ojú rẹ̀ fi sú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó gba orí imú kọjá, ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, bí ìgbà tí labalábá na ìyẹ́ méjèèjì sójú rẹ̀. Ara rẹ̀ ń gbóná ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n tọ́jú ibà fún un lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ. Irun rẹ̀ ń bọ́ mọ́ ìyàrun. Nígbà tí ó di ọjọ́ kan, ó pè mí kí n wá wo ìtọ̀ òun nínú póò. Ìtọ̀ náà ń hó bí omi ọṣẹ, ìhó náà kò sì rọlẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀: ó ti wú. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ jìn, kò sì tètè kún padà. Nígbà náà ni ojú mi là. Ọjọ́ náà gan-an ni a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ti páálí kékeré kan bọ inú ìtọ̀ rẹ̀, ó sì yí àwọ̀ padà: èròjà ara tí kò yẹ kí ó jáde ń tú jáde. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lupus ni, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá kíndìnrín rẹ̀ jà.

Dókítà náà bi mí bí ó ṣe ń ṣe ní ilé. Mo ròyìn oòrùn yíyá, mo sì ròyìn Ìyá Aláṣọ pẹ̀lú. Ó ní kí n mú òun náà wá. Tirẹ̀ kì í ṣe lupus rárá. Psoriasis ni. (P tí ó wà níwájú kì í dún, a ó kà á bí ẹni pé "sọráyásíìsì".) Èyí tí ó ń pè ní làpálàpá láti ọdún mẹ́sàn-án ni ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí oríkèé rẹ̀.

ỌDẸ TÍ Ó KỌJÚ ÌBỌN SÍ ONÍLÉ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí àrùn méjèèjì ti bá ara wọn tan. Àwọn ọmọ ogun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti lé kòkòrò àrùn jáde. Ẹ fi wọ́n wé ọdẹ tí àdúgbò dá owó gbà láti máa ṣọ́ òru. Ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ olè, ó sì mọ onílé. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọjọ́ kan tí kò dá onílé mọ̀ mọ́, tí ó wá kọjú ìbọn sí ẹni tí ń sanwó fún un, wàhálà dé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni lupus àti psoriasis ṣe rí: àwọn ọmọ ogun ara ni wọ́n ń bá ara fúnra rẹ̀ jà.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kì í kó o lára ẹlòmíràn. Ẹ lè jọ jẹun nínú àwo kan, ẹ lè jọ sùn lórí ẹní kan. Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ dídọ̀tí, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ìyá ọkọ tàbí orogún. Ohun tí a jogún nínú ìdílé ní ọwọ́ nínú rẹ̀, àwọn ohun tí ó ń bá ara pàdé láyé náà sì ní tiwọn. Oògùn tí yóò pa á rẹ́ pátápátá kò tíì sí fún èyíkéyìí nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n oògùn tí ó lè mú un dákẹ́ wà.

LUPUS NÁÀ NÌYÍ

Èdè Látìnì ni orúkọ yìí ti wá, ìkookò ni ó túmọ̀ sí, nítorí pé àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ rò pé egbò ojú náà dà bí ibi tí ìkookò gé jẹ. Ní ọdún 1872, dókítà kan ní Vienna, Moriz Kaposi, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àrùn náà kì í dúró sí awọ ara nìkan, pé ó máa ń wọ inú lọ. Fún ìgbà pípẹ́ ni ìwé àwọn oníṣègùn ń sọ pé ó ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń mú àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju àwọn funfun lọ. Ní ọdún 2009, àwọn dókítà oríkèé ní Èkó tẹ ìròyìn jáde lórí aláìsàn lupus 66, obìnrin ni ó sì pọ̀ jù lọ nínú wọn. Àrùn náà wà láàárín wa. Orúkọ rẹ̀ ni a kò mọ̀.

Irú kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jìnnà sí awọ ara, tí egbò rẹ̀ máa ń di àpá tí kì í lọ. Ẹ lè mọ olórin kan tí a ń pè ní Seal, tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1963, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí Olúṣẹ́gun sì wà nínú orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ilà ni wọ́n kọ sí i lójú. Kì í ṣe ilà. Àpá irú lupus bẹ́ẹ̀ ni.

PSORIASIS NÁÀ NÌYÍ

Nínú psoriasis, awọ ara ń yára hù ju bí ó ti yẹ lọ. Kí ti àná tó bọ́, ti òní ti yọ, wọ́n á sì gun orí ara wọn títí yóò fi nípọn, tí yóò sì máa ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Nínú 10 tí ó ní i, ó lè tó 3 tí yóò wọ oríkèé wọn. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, awọ ara ni ó ń kọ́kọ́ mú, oríkèé a sì tẹ̀lé e lẹ́yìn ọdún púpọ̀, bí ó ti ṣe Ìyá Aláṣọ. Kí ẹ má rò pé àwa nìkan ni a ṣì í mú: ìgbà pípẹ́ ni àwọn dókítà fi ka ìrora oríkèé yìí mọ́ àwọn làkúrègbé yòókù. Ní ọdún 1973 ni dókítà méjì ní ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Moll àti Wright, to ẹ̀yà rẹ̀ sí oríṣi márùn-ún.

BÍ A ṢE LÈ YÀ WỌ́N SỌ́TỌ̀

Èkínní, ẹni tí ó ń mú. Nínú aláìsàn lupus 10, nǹkan bí 9 ni ó jẹ́ obìnrin, pàápàá láàárín ọdún 15 sí 45. Psoriasis ti oríkèé kò mọ ọkùnrin, kò mọ obìnrin. Láàárín ọdún 30 sí 50 ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Èkejì, ibi tí ó wà lára. Lupus fẹ́ràn ibi tí oòrùn ń pa: ẹ̀rẹ̀kẹ́, imú, etí, àyà, apá. Psoriasis fẹ́ràn ìgbọ̀nwọ́, orúnkún, agbárí, ìdodo àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Ìwé àwọn òyìnbó á ní àwọn méjèèjì máa ń pọ́n. Lára àwa adúláwọ̀, ẹ má retí pípọ́n. Lupus lè dúdú, tàbí kí ó ní àwọ̀ elésèé àlùkò. Psoriasis lè dúdú bákan náà, ṣùgbọ́n ìpẹ́ rẹ̀ á funfun bí eérú.

Ẹ̀kẹta, èékánná. Ẹ wo èékánná ẹni náà dáadáa. Psoriasis máa ń lu ihò wẹ́wẹ́ sí i bí ojú abẹ́rẹ́, tàbí kí èékánná ṣí kúrò lára ẹran. Lupus kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu ni kí ẹ yẹ̀ wò fún lupus: ó lè ní egbò lókè ẹnu tí kò tilẹ̀ dun aláìsàn.

Ẹ̀kẹrin, oríkèé. Lupus sábà máa ń mú ọ̀tún àti òsì bákan náà, ní oríkèé ọwọ́, ọrùn ọwọ́ àti orúnkún. Ìrora rẹ̀ lè pọ̀ ju ohun tí ojú rí lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ṣì í mú. Kì í sábà jẹ eegun. Psoriasis lè mú ẹ̀gbẹ́ kan kí ó fi ìkejì sílẹ̀. A máa mú oríkèé tí ó wà nítòsí èékánná, a sì máa mú kí odindi ìka wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. A tún máa mú gìgísẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Òun ni ó ń jẹ eegun. Bí a bá fi í sílẹ̀ láìtọ́jú, ìka lè wọ́, kí ó má sì nà mọ́.

Ẹ̀karùn-ún, inú ara. Ibi tí ẹ̀rù lupus wà nìyí. Ó lè mú kíndìnrín, ẹ̀dọ̀fóóró, ọkàn, ọpọlọ àti ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín kì í ké. Ó lè bàjẹ́ lọ láìsí ìrora kankan. Psoriasis kì í sábà bá kíndìnrín jà báyìí, ṣùgbọ́n ó lè mú ojú kí ó pọ́n kí ó sì máa ro ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà sì máa ń bá a rìn.

Ẹ̀kẹfà, oòrùn. Èyí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí lọ́wọ́ wa. Oòrùn a máa ran ọ̀pọ̀ ẹlẹ́gbẹ́ Ìyá Aláṣọ lọ́wọ́. Àní ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ilé ìwòsàn fi ń tọ́jú psoriasis. Lupus ní tirẹ̀, oòrùn ni ó ń jí i dìde.

OÒGÙN Ọ̀KAN, ÌPALÁRA ÈKEJÌ

Ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ Ìyàwó nìkan ni wàhálà mọ. Nígbà tí ó ti ilé ìwòsàn dé, oògùn prednisolone wà nínú èyí tí wọ́n fún un, ìrora rẹ̀ sì rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìyá Aláṣọ rí i. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó mú páálí oògùn náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, ó sì ra irú rẹ̀. Ó lò ó fún oṣù méjì, ara tù ú, awọ ara rẹ̀ dán. Nígbà tí owó tán, ó dá a dúró lójijì. Kò pẹ́ rárá tí gbogbo ara rẹ̀ fi yọ kóókòó oníkéékèèké tí ó kún fún ọyún, ibà sì dá a dùbúlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Prednisolone a máa gba kíndìnrín ẹni tí ó ní lupus là. Nínú psoriasis, bí a bá dá a dúró lójijì, irú nǹkan báyìí lè ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tí ó bá ti lò ó pẹ́, àrùn yòówù kí ó ní, kò gbọdọ̀ já a lójijì.

Oògùn tí ó jẹ́ òpó ìtọ́jú lupus ni hydroxychloroquine, ìbátan oògùn ibà àtijọ́. Aláìsàn yóò lò ó fún ọdún púpọ̀, dókítà yóò sì máa yẹ ojú rẹ̀ wò. Oògùn yìí kan náà lè mú psoriasis ẹlòmíràn ru sókè. Ní ti psoriasis tí ó wọ oríkèé, methotrexate ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí èyí: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ni a ń lò ó. Ẹni tí ó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè kú. Obìnrin tí ó lóyún tàbí tí ó fẹ́ lóyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Bí ọwọ́ bá ń le ní òwúrọ̀ fún ohun tí ó ju ààbọ̀ wákàtí lọ, tí èyí sì ti wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, kí ẹ má lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Bí ẹ bá dé iwájú dókítà, ẹ má fi ara pamọ́. Ẹ tú gèlè kí ó rí agbárí. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́, ìdodo àti èékánná hàn án. Awọ ara ni yóò sọ ohun tí oríkèé kò lè sọ.

Ẹ ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò, kí wọ́n sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Páálí tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ kò wọ́n, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni ó ń gbà. Wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tí a ń pè ní ANA, tí ó máa ń hàn lára fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹni tí ó ní lupus. Ṣùgbọ́n ó lè hàn lára ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ le, nítorí náà òun nìkan kò tó dá ẹjọ́. Fún psoriasis, ojú dókítà àti fọ́tò egungun ni ẹlẹ́rìí.

Bí ìtọ̀ bá ń hó, tí ojú tàbí ẹsẹ̀ bá wú, tí àyà bá ń dun aláìsàn tàbí tí èémí rẹ̀ kò dá gaara, tàbí tí gìrì bá gbé e, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà má ṣú bá yín nílé.

Ẹni tí ó ní lupus, kí ó mú agbòòrùn lọ́wọ́, kí ó wọ aṣọ alápá gígùn, kí ó sì sá fún oòrùn láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá fẹ́ lóyún, kí àrùn náà ti dákẹ́ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kí dókítà sì ti fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó ní psoriasis, kí ó má fi kànìnkànìn líle ha ara. Ibi tí a bá ti ha awọ ara bó ni òmíràn máa ń yọ. Kí ó sì sá fún àwọn ìpara abóra. Ẹni tí ó bá ń mu àgbo nínú àwọn méjèèjì, kí ó sọ fún dókítà, kí ó má tijú.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ má yá ara yín ní oògùn. A lè yá ara wa ní ìkòkò, a lè yá ara wa ní gèlè.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Ìtọ̀ Ìyàwó ti mọ́, ó sì ti padà sí ẹnu iṣẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń retí ọmọ; èmi fúnra mi ni mo lọ bá màmá náà jókòó, tí mo ṣàlàyé ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ dúró, ó sì gbà. Ìyá Aláṣọ ti padà sí ọjà rẹ̀, ó ń lo oògùn tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ìka kan kò nà mọ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án tí a fi pe psoriasis ní làpálàpá ni ó mú un lọ. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, àwọn méjèèjì ṣì máa ń jókòó jọ sọ̀rọ̀ níwájú ilé. Ọ̀kan á gbé àpótí tirẹ̀ sí ojú oòrùn, èkejì á gbé tirẹ̀ sí inú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà sí ara gbogbo wa.